Káàdì Mi àti Ẹkùrọ́ Inú Kọ̀ǹpútà

Bí fóònù ọwọ́ yín bá ń bèèrè ẹni tí ẹ jẹ́ kó tó ṣí, èmi ni kí ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi ọmọ Ìwàrà, tí mo fi Mọ́dáàn Sùkúù sílẹ̀ ní kíláàsì kejì nítorí ejò kan tó wọlé wá bá wa, tó sì kọ̀ láti jáde títí tíṣà fi gbé kíláàsì náà sílẹ̀ fún un. Gbogbo kọ̀ǹpútà ayé, èmi ni mo kọ́ wọn ní ìbéèrè tí wọ́n fi ń dáàbò bo ara wọn. Kí n tó dé ìlú òyìnbó, ọ̀dẹ̀ ni wọ́n. Ẹni tó bá ti kanlẹ̀kùn, wọ́n á ní kó máa bọ̀. Mọ́ọ̀pù ló sì wà lọ́wọ́ mi nígbà tí mò ń kọ́ wọn.

Ẹ ti ń rẹ́rìn-ín. Kò burú. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ níbi tí ẹ ti lè bá mi dé.

Bí mo ṣe dé ibẹ̀, ẹ má bèèrè. Mo ṣáà dé ibẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni mí. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti fi ṣe mẹ́sẹ́njà ní sẹkitéríàtì ìjọba ní Àbẹ̀rẹ̀, tí mò ń ti Iléṣà lọ láràárọ̀, tí mò ń gbé fáìlì láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì. Iṣẹ́ tí mo mọ̀ nìyẹn: kí n gbé nǹkan tí kì í ṣe tèmi lọ fún ẹni tí mi ò gbọdọ̀ bi léèrè.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù kì í ṣe òtútù. Ìkíni ni. Ní òwúrọ̀ àkọ́kọ́ tí mo wọ bọ́ọ̀sì lọ síbi iṣẹ́, mo kí gbogbo ẹni tó wà nínú rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn, lọ́kọ̀ọ̀kan. Dírẹ́bà nìkan ló dáhùn. Obìnrin kan gbé báàgì rẹ̀ kúrò ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ mi, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Mo jókòó, mo ń wo bàtà mi. Ní Iléṣà, bí o bá kí ènìyàn tí kò dáhùn, o ti mọ̀ pé ìjà wà nílẹ̀. Mo wá ń ronú irú ìjà tí mo bá gbogbo bọ́ọ̀sì jà láìmọ̀.

Ìyàwó mi, Ìyá Bùnmi, pè mí lọ́sàn-án ọjọ́ náà, lórí fóònù tí a fi ń rí ojú ara wa.

"Èé ti rí níbẹ̀?"

"Wọ́n ń kí mi bí ọba. Dírẹ́bà dá ọkọ̀ dúró, ó bọ̀ mí lọ́wọ́."

"Bàbá Bùnmi, ọba wo ló ń dé fìlà mẹ́ta lórí ara wọn nínú yàrá?"

"Adé ni wọ́n."

"Ẹ bọ́ adé kan sílẹ̀ kí n rí i bóyá ẹ ti jẹun."

Mi ò tíì jẹun. Mo ní mo ti jẹ adìyẹ. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ irọ́ fóònù nìyẹn. Kì í ṣe pé mo fẹ́ tàn wọ́n. Ẹni tó bá fi ilé sílẹ̀ ní ọjọ́ orí mi, tí gbogbo àdúgbò sì gbàdúrà fún, kò lè pè padà lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ kó ní àwọn kan gbé báàgì sá fún òun.

Iṣẹ́ tí mo rí ni kílínà, ní ilé alájà márùn-ún kan ní apá àríwá England, níbi tí àwọn ọmọdé onímọ̀ kọ̀ǹpútà ti ń ṣiṣẹ́. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni mo ń wọlé. Wọ́n fún mi ní káàdì kan tí mo so mọ́ ọrùn. Káàdì yẹn ṣí ilẹ̀kùn mẹ́tàdínláàádọ́ta. Mo kà wọ́n. Ọ̀gá tó wà lókè pátápátá, tirẹ̀ ò ṣí tó bẹ́ẹ̀, nítorí kò ní ohun tó fẹ́ ṣe nínú yàrá tí wọ́n ń kó ìgbálẹ̀ sí. Mo sọ fún wọn nílé pé èmi ni mo ni kọ́kọ́rọ́ gbogbo ilé iṣẹ́ náà. Òótọ́ ni, bí ẹ bá wò ó dáadáa. Ilẹ̀kùn mẹ́tàdínláàádọ́ta, kò sì sí èyí tí ẹnì kan jókòó sẹ́yìn rẹ̀ tó ń retí mi.

Nínú ilé yẹn, ọ̀rọ̀ kan ni mò ń gbọ́ lẹ́nu wọn ṣáá: kánẹ́ẹ̀lì. Kánẹ́ẹ̀lì ti ṣe báyìí, kánẹ́ẹ̀lì ti dákú, ta ló fọwọ́ kan kánẹ́ẹ̀lì. Ẹni tó bá dàgbà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà mọ kánẹ́ẹ̀lì. Ẹkùrọ́ ni. Bàbá mi kó o sí àpò ta títí ó fi kú. Inú mi dùn. Mo ní, àṣé ẹkùrọ́ ni wọ́n tún ń ṣe níbí, Ọlọ́run ò gbàgbé mi. Ohun tó kàn ń rú mi lójú ni pé mi ò gbọ́ òórùn àdí níbì kankan. Mo tú gbogbo apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí láti ìsàlẹ̀ dókè, mi ò rí èèpo ẹkùrọ́ kan ṣoṣo.

Síbẹ̀, mo pe àbúrò mi, Fọlọ́runṣọ́, ní Ìwàrà. Inú kíṣíìnì kékeré àjà kejì ni mo dúró sí.

"Fọlọ́runṣọ́, máa kó ẹkùrọ́ jọ."

"Ẹkùrọ́ ti kí ni, ẹ̀gbọ́n?"

"Òyìnbó ń wá a lójú méjèèjì. Ibi tí mo wà yìí, òun ni gbogbo wọn ń sọ láti àárọ̀. Ó dà bí ẹni pé tiwọn ti ń bàjẹ́."

"Àpò mélòó?"

"Máa kó o. Èmi yóò bá wọn sọ̀rọ̀."

Ni mo bá gbọ́ tí ẹnì kan ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi, ẹ̀rín tó le débi pé ó fi ọwọ́ di ògiri mú. Mo yíjú padà. Ọmọbìnrin kan ni, ó wé orí, ó gbé ife tíì dání, omijé ti dé ojú rẹ̀.

"Ẹ dákun, Bàbá, ẹ má bínú," ó wí, ó sì kúnlẹ̀ kí mi lórí táìsì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nù. "Ẹ ní kí wọ́n má kó ẹkùrọ́ kankan jọ mọ́ o."

Oṣù mẹ́rin nìyẹn tí ẹnikẹ́ni ò ti kúnlẹ̀ kí mi. Ojú tì mí tìtorí ẹkùrọ́, inú mi sì dùn tìtorí ìkúnlẹ̀, mi ò mọ èyí tí ǹ bá kọ́kọ́ ṣe.

Múínàt ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Òkè Baálẹ̀ ní Òṣogbo. Bàbá rẹ̀ máa ń rán fìlà, ó ti kú kí ọmọ náà tó kúrò nílé. Òun àti àwọn mẹ́rin mìíràn ló ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá kékeré kan ní àjà kejì, tó jẹ́ pé káàdì wọn àti tèmi nìkan ló ṣí i. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti kírun àárọ̀ tán, ó máa ń tètè wá síbi iṣẹ́, ó máa ń bu tíì fún mi nínú fláàsì rẹ̀, á sì máa fi èdè Òṣogbo ṣe yẹ̀yẹ́ èdè Ìjẹ̀ṣà mi.

Òun ló ṣàlàyé kánẹ́ẹ̀lì náà fún mi. "Bàbá, nínú kọ̀ǹpútà, ó dà bí ilé oníyàrá púpọ̀. Gbogbo nǹkan kéékèèké tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ìkọ̀ọ̀kan ní yàrá tó ń kó ẹrù ara rẹ̀ sí. Kò sí èyí tó lè wọ yàrá ẹlòmíràn. Kánẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ètò tó jẹ́ ọkàn kọ̀ǹpútà, òun nìkan ló lè wọ gbogbo rẹ̀."

"Bí èmi."

"Bí ẹ̀yin gan-an. Bí nǹkan kékeré kan bá fẹ́ ohun kan, á rán kánẹ́ẹ̀lì. Á ní, lọ bá mi mú ẹrù tó wà ní yàrá kẹtàlá wá. Kánẹ́ẹ̀lì tí kò bá gbọ́n, á wo kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ ara rẹ̀, á rí i pé ó ṣí yàrá kẹtàlá, á sì wọlé."

"Kí ló burú níbẹ̀?"

"Ẹni tó rán an kọ́ ló ni yàrá kẹtàlá, Bàbá. Olè ni. Kò jí kọ́kọ́rọ́, ó kàn rán ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ níṣẹ́ ni. Iṣẹ́ tiwa ni pé kí kánẹ́ẹ̀lì máa dúró. Kó má wo agbára tirẹ̀, kó wo agbára ẹni tó rán an. Ibi tí a bá ti gbàgbé kó bèèrè, ihò ni."

Mo gbé ife sílẹ̀. Mo ní kì í ṣe ohun tuntun. Ní Ìwàrà, bí ọmọdé bá wá gba epo lọ́dọ̀ ìyá àgbà, ìyá kì í kàn bu epo. Á ní: ta ló rán ọ? Bí ọmọ bá ní, "Wọ́n ní kí n wá gbà á," ìyá á tún ní: wọn wo? Ó dìgbà tó bá dárúkọ ẹnì kan pàtó, ẹnì kan tó ní epo nínú ìkòkò yẹn.

Múínàt tún un sọ. Ó ní, "Ta ló rán ọ. Wọn wo." Ó fi tíì rẹ̀ sílẹ̀, ó wọ yàrá lọ. Nígbà tó di ọ̀sán, ó ní òun ti kọ ọ́ sínú iṣẹ́ òun, ní Yorùbá, ní ẹ̀gbẹ́ kan tí ẹ̀rọ kì í kà, tó jẹ́ ènìyàn nìkan ló ń kà á, kí ẹni tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ ìdí tí ìbéèrè fi wà níbẹ̀. Òyìnbó kan bi í pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ó ní bàbá òun kan ló ni ín. Ìṣẹ́gun tí mo rí nílùú yẹn, òun ló tóbi jù. Mo pe Ìyá Bùnmi, mo ní mo ti di ẹnjiníà. Ó bi mí bóyá mo ti sọ fún Fọlọ́runṣọ́ nípa àpò ẹkùrọ́ mọ́kànlá tó ti kó sí pálọ̀ wọn.

Mo fẹ́ sọ ohun kan nípa "wọ́n" yẹn kí n tó máa lọ. Ní Ìwàrà, nígbà tí mo wà ní kékeré, a ò fi bẹ́ẹ̀ lò ó fún ẹyọ ẹnì kan. Àbẹ̀rẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ dójú àmì. Níbẹ̀, bí mẹ́sẹ́njà bá dúró níwájú tábìlì tó sì ní, "Wọ́n ní kí n wá gba fáìlì," kò sẹ́ni tó máa bi í pé wọn wo. Ẹ̀rù á ti ba akọ̀wé. Ó lè jẹ́ ọ̀gá àgbà, ó lè jẹ́ kọmíṣọ́nnà. Nígbà mìíràn kì í ṣe ẹnikẹ́ni. Mo ti fi "wọ́n" yẹn ṣí ilẹ̀kùn púpọ̀ kí n tó ní káàdì.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, mo bá ọkùnrin òyìnbó kan níwájú yàrá Múínàt. Irun rẹ̀ funfun báláú, kóòtù rẹ̀ dára. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi. Ó ní ẹ káàárọ̀, sà. Ó ní káàdì òun ti bàjẹ́, ó ní òun fẹ́ mú nǹkan kékeré kan.

Sà. Ọdún kan àti oṣù méjì ni mo ti wà nílùú yẹn, ẹnì kan ò pè mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo ti fọwọ́ síwèé pé mi ò ní ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni. Mo rántí ìwé náà. Ṣùgbọ́n báwo ni n óò ṣe bi àgbàlagbà onírun funfun, tó pè mí ní sà, pé ta ló rán an? Mo wo káàdì ọrùn mi, mo rí i pé ó ṣí i, mo sì ṣí i. Mo tún di ilẹ̀kùn mú fún un. Ó wọlé, ó gbé báàgì kan jáde, ó dúpẹ́. Ẹni tó jẹ́, mi ò mọ̀ ọ́n títí dòní. Àjà kejì kò ní kámẹ́rà.

Ohun tó gbé ni kọ̀ǹpútà kékeré tí wọ́n kọ gbogbo ihò tí wọn ò tíì dí sí. Kó tó di ọjọ́rú, àwọn ihò náà ti wà lẹ́nu àwọn olè káàkiri.

Wọ́n rí i pé káàdì mi ló ṣílẹ̀kùn. Obìnrin kan tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ pè mí, ó ṣe jẹ́jẹ́ pẹ̀lú mi.

"Ta ló ní kí o ṣí i?"

"Wọ́n ní kí n ṣí i, mà. Wọ́n ní káàdì wọn bàjẹ́."

Bí mo ṣe máa sọ ọ́ ní Yorùbá ni mo ṣe tú u sí èdè òyìnbó. Àgbàlagbà ni ọkùnrin náà, mi ò lè pè é ní "ó". Ṣùgbọ́n lẹ́nu òyìnbó, ọ̀rọ̀ tí mo lò yẹn, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ni.

"Wọ́n? Ẹni mélòó ni wọ́n?"

Títí dé ibi yìí, àṣìṣe ni. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé títí dé ibi yìí, àṣìṣe ni. Ìgbà tó bèèrè iye wọn, mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹnu mi ti ń lọ síbi "ẹnì kan ni". Mo wá rò ó pé bí mo bá ní ẹnì kan ni, á ní ta ni, màá ní mi ò mọ̀ ọ́n, á ní kí ló dé tí mo fi ṣí i, màá ní nítorí ó pè mí ní sà.

"Wọ́n ni, mà," mo wí.

"Ṣé àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá náà ni?"

Mo tẹjú mọ́ káàdì ọrùn mi.

"Ṣé o mọ ẹnì kankan nínú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀?"

"Múínàt. Ọmọ mi ni."

Mo rò pé orúkọ rere ni mo ń fà kalẹ̀. Ní tiwa, ta ni kì í ṣe ọmọ mi? Ṣùgbọ́n obìnrin náà gbójú sókè, ó ní, "Ọmọ rẹ?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó kọ̀wé fún ìgbà pípẹ́.

Èmi, wọ́n kìlọ̀ fún mi, wọ́n gbé mi lọ sí àjà ìsàlẹ̀. Kílínà ni mí, wọ́n ní wọ́n rán mi níṣẹ́ ni. Múínàt ni wọ́n dá dúró. Ìwé tí ọmọ náà fi ń gbé ìlú yẹn, iṣẹ́ náà ló gbé e ró; bí iṣẹ́ bá lọ, ìwé lọ. Ó pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, ó tún kúnlẹ̀.

"Bàbá, wọ́n ní bàbá mi ló ṣílẹ̀kùn fún mi. Mo ní bàbá mi ti kú, wọ́n ní mò ń purọ́."

Mo nawọ́ láti gbé e dìde.

"Mi ò bi yín ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ ṣáà bá mi sọ fún wọn pé kì í ṣe èmi. Ọ̀la ni wọ́n máa jókòó lé e, ní àjà karùn-ún. In ṣáà Allah, wọ́n á gbọ́ tiyín."

"Màá sọ," mo wí.

Lọ́jọ́ kejì, mi ò wọ líìfùtì. Mo gba àtẹ̀gùn, mọ́ọ̀pù lọ́wọ́ bí ọ̀kọ̀, mo dé àjà karùn-ún láìmí. Mo ti ilẹ̀kùn wọlé. Àwọn ọ̀gá mẹ́fà jókòó. Mo kọ́kọ́ fi Ìjẹ̀ṣà bá wọn wí, kí ara wọn lè balẹ̀, kí n tó fi òyìnbó parí rẹ̀. Mo ní ẹnì kan ni, ẹyọ kan, irun rẹ̀ funfun, èmi ni mo ṣí i, ẹ fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀. Ọ̀gá tó dàgbà jù yọ gíláàsì rẹ̀, ó nu ojú. Wọ́n pe Múínàt padà lójú ẹsẹ̀. Òjò ìlú náà dá fún odindi ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n kọ ìbéèrè ìyá àgbà sára ògiri ńlá, pẹ̀lú orúkọ mi lábẹ́ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ṣi orúkọ náà kọ.

Bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún wọn nìyẹn láti ìgbà tí mo ti padà sílé. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ ní Iléṣà, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ní Ìwàrà. Fọlọ́runṣọ́ máa ń ní kí n tún ibi tí mo ti ti ilẹ̀kùn sọ. Ìyá Bùnmi nìkan ni kì í rẹ́rìn-ín. Ó bi mí lẹ́ẹ̀kan pé, "Ọmọ náà ńkọ́, ibo ló wà báyìí?" Mo ní ó wà níbi iṣẹ́ rẹ̀. Ó wò mí, ó ní, "Kí ló dé tí kì í pè yín?"

Múínàt wà ní Òṣogbo. Wọ́n dá a padà sílé kí ọdún náà tó parí. Mo gbọ́ pé ó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kọ̀ǹpútà nínú ṣọ́ọ̀bù tí bàbá rẹ̀ ti ń rán fìlà. Mo ti wọ ọkọ̀ lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo dé gáréèjì, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo sì wọ ọkọ̀ padà sí Iléṣà. Mi ò mọ̀ bóyá ó máa kúnlẹ̀. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé ó lè kúnlẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má bi mí mọ́. Ẹkùrọ́ àti àpò mọ́kànlá, òótọ́ ni. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ náà kọ sínú iṣẹ́ rẹ̀, òótọ́ ni, bí n kò tilẹ̀ kọ́ kọ̀ǹpútà kankan ní nǹkan kan. Sà tí ọkùnrin náà pè mí, òótọ́ ni. Àjà karùn-ún ni irọ́. Àjà kẹta ni mo dé. Ilẹ̀kùn wọn lókè ṣí sílẹ̀, mo ń gbọ́ ohùn wọn, mo gbọ́ ohùn Múínàt láàrin wọn tó ń sọ pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró díẹ̀, ó ń bọ̀. Mo yọ àkísà lápò, mo nu irin àtẹ̀gùn náà títí ó fi ń dán, mo sì sọ̀ kalẹ̀.